Ọmọ Esther tí Wọ́n Ń Pè ní Máìkì

Ìròyìn náà bá Màmá Alice nídìí kòkó tó sá sí iwájú ilé rẹ̀. Ó mú igi gbọọrọ kan lọ́wọ́, ó ń fi í da kòkó síhìn-ín sọ́hùn-ún kí oòrùn lè ràn sí i dọ́gba, nígbà tí Láyí, olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú Ìpáò, dá ọ̀kadà dúró lójú títì. Kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Orí ọ̀kadà ló ti pariwo.

"Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti mú Máìkì ní Ọ̀yẹ́! Láàpútọ́ọ̀pù àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi!"

"Máìkì wo?" ni Màmá bi í, bí ẹni pé Máìkì méjì wà ní gbogbo agbègbè Ìkọ̀lé.

"Ọmọ Esther mà ni. Ta ni kò mọ̀ nínú wa pé ibẹ̀ ni yóò já sí? Ẹni tó lè jí nǹkan Ọlọ́run, kí ni yóò rí nílé èèyàn tí kò ní gbé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ọ̀kadà rẹ̀, eruku sọ, ó ń lọ fi tó àwọn tó kù létí.

Màmá Alice jókòó sórí òkúta létí kòkó. Àwọn adìẹ wọ inú kòkó náà, wọ́n ń fẹsẹ̀ tú u ká, igi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lé wọn.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ó ti ṣe tíṣà títí ó fi di ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún ní ìlú náà tí kò kọ́ ní ABD tàbí tí kò nà rí. Nínú ìjọ, tí Màmá Tíṣà bá ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Gbogbo ìlú ló rántí pé òun ló kọ́kọ́ pe ọmọ Esther ní olè. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé ọmọ náà kò jí nǹkan kan.

Sátidé tó ṣáájú ìkórè ìjọ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìjọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba máìkì tuntun kan, irú èyí tí kò ní wáyà, tí ọmọ ìlú kan fi ránṣẹ́ láti Èkó. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, wọn kò rí i. Ṣèyífúnmi, ọmọ Esther, ló máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ó ń retí èsì wáẹ̀kì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bá àwọn olóko ṣiṣẹ́. Baba rẹ̀ ti bá ọ̀nà Ìbàdàn lọ, kò sì wẹ̀yìn.

Màmá Alice, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin, dìde láàárín ìjọ, ó na ìka sí i.

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní kíláàsì mi ni ojú rẹ̀ kì í ti í gbé ibì kan. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé olè ni yóò dà."

Ṣèyí wò ó. "Màmá, n kò mú un."

Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Àlùfáà gbá a létí, ó ní òun kò mú un. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí kí ẹ̀mí tó ń dì í lẹ́nu lè jáde, ó ní òun kò mú un. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lé e jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọmọdé ti ń tẹ̀ lé e lójú títì, wọ́n ń pariwo, "Máìkì! Máìkì!" Ṣèyí mẹ́ta ló wà ní àdúgbò náà, orúkọ yẹn sì rọrùn láti fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Bó ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan, Màmá Alice tú àpótí ẹ̀wù akọrin láti fọ̀ wọ́n. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni máìkì wà, nínú ẹ̀wù kan tí wọ́n fi wé e roboto. Ó rántí lójú ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá kan rọ̀ ni, òrùlé ń jò sórí kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn akọrin ti sáré lọ sílé, òun nìkan ló kù. Òun ló wé e. Òun ló kì í bọ àpótí kí omi má bàa bà á jẹ́, ó sì gbàgbé pátápátá.

Ó gbé e, ó kọrí sílé àlùfáà. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ló ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: èmi ni mo fi í síbẹ̀, mo ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí àlùfáà ṣe rí máìkì, ó fò sókè.

"Ibo lẹ ti rí i, Màmá?"

"Inú àpótí ẹ̀wù ni mo ti rí i," ni ó wí.

"Háà! Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmù! Ó ti yọ́ dá a padà! Ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run?"

Màmá Alice la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó rò ó pé tóun bá dé ilé, òun yóò padà wá. Kò padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Olúwa ti fọwọ́ tọ́ ọkàn olè, gbogbo ìjọ sì pariwo Halelúyà. Òun náà pariwo.

Láti ìgbà náà, bí ewúrẹ́ bá sọnù ní Ìpáò, ilé Esther ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ wò. Tí ewúrẹ́ náà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kì í padà lọ tọrọ àforíjì. Ọmọkùnrin náà lọ sí Ìfàkì, ó lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Ayọ̀kúnlé, ó sì lo ọdún méjì gbáko níbẹ̀ láìsí ẹni tó pè é ní nǹkan mìíràn ju Ṣèyí lọ. Àfi ọjọ́ tí ará Ìpáò kan lọ ṣe géètì níbẹ̀. "Háà, Máìkì! Ibí lo wà?" Ó fi ẹ̀rín sọ ìtàn náà fún ọ̀gá. Kò pẹ́ sí i, wọ́n wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu irin nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn kò rí i. Ayọ̀kúnlé kò sọ pé Ṣèyí ló mú un. Ó kàn ní kó lọ máa sinmi nílé ná.

Ìgbà tó dé láti Ìfàkì ni wọ́n tó ká adìẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní tòótọ́. Ọjọ́ tí Màmá Alice gbọ́, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ara rẹ̀ fúyẹ́! Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, ṣé ẹ rí i, olè náà ni tẹ́lẹ̀. Ìfúyẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá ń dun ún ju irọ́ rẹ̀ lọ. Ní èṣí, wọ́n pàdé ara wọn nídìí ọkọ̀ ní Ìkọ̀lé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ tààrà, ó kí i. Kó tó dìde ńlẹ̀, Màmá Alice ti gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, láì mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wo báàgì náà, ó wo ojú Màmá, ó sì kọjá.

Orí òkúta náà ni Esther wá bá a lówùúrọ̀ yẹn. Aṣọ oko ni obìnrin náà wọ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, mo ti dé ulé àlùfáà, wọ́n ní wọ́n ti lọ sí Adó. Mo dé ulé olóyè, wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ọ̀yẹ́. Tí wọ́n bá rí àgbà bíi tiyín, wọn ò ní lù ú pa." Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó ti dójú tì yín. Ẹ dárí jì í."

"Dìde, Ìyá Ṣèyí," ni Màmá Alice wí. "Dìde, kò yẹ kó o kúnlẹ̀ fún mi."

Wọ́n gun ọ̀kadà dé Ìkọ̀lé, wọ́n wọ takisí lọ sí Ọ̀yẹ́. Nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ olè láàpútọ́ọ̀pù ni wọ́n ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Gift ní gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá ọ̀rẹ́ òun ló wà nínú ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀rẹ́ náà kò sì jẹun láti ọjọ́ méjì. Dírẹ́bà ní irú wọn kò yẹ kó débi ọlọ́pàá rárá, táyà ló yẹ kí wọ́n fi bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Esther tẹjú mọ́ ojú fèrèsé. Màmá Alice fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n kọjá Ìtapá, ó tún fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n rí àwọn ilé Ọ̀yẹ́ lókèèrè. Owó ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn ń kà.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin sájẹ́ǹtì kan tó ń jẹ́ Fọlákẹ́ ló wà nídìí tábìlì. Ó fún wọn ní ìjókòó, ó sì bọ̀wọ̀ fún Màmá Alice nítorí ewú orí rẹ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kò nira," ni ó wí. "Ó ti jẹ́wọ́. Òun ló wọ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n lọ sí kíláàsì. A tiẹ̀ pe àwọn ọdẹ ìlú yín lórí fóònù, wọ́n ní olè ni láti kékeré, pé máìkì ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀." Ó fi bírò tọ́ka sí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Mo ti kọ ọ́ síbí."

"Pa á rẹ́," ni Màmá Alice wí.

"Ẹ má bínú, Màmá?"

"Ohun tó o kọ nípa máìkì. Pa á rẹ́. Èmi ni mo mú máìkì."

Ó wá sọ ọ́. Kò sọ ọ́ dáadáa bó ṣe ń tò ó láti ọdún wọ̀nyí wá; ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó padà sí òjò, ó padà sí àpótí. Ó sọ nípa Halelúyà ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Ó sọ pé òun náà pariwo. Nígbà tó parí, sájẹ́ǹtì náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Esther kò ké. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn.

"Mo nà án," ni ó wí. "Màmá, mo na ọmọ mi. Mo mú ẹgba, mo ní kó jẹ́wọ́ kí ojú tó ń tì mí lè kúrò. Mo nà án títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sọ pé, 'Màámi, n kò mú un,' mo ṣì ń nà án, torí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Mo ní Màmá Tíṣà kò lè purọ́."

Màmá Alice na ọwọ́ sí i. Esther sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí èèyàn ṣe ń sún fún iná.

Sájẹ́ǹtì Fọlákẹ́ ní òun yóò kọ ohun tí Màmá sọ, ṣùgbọ́n kó yé àwọn méjèèjì pé kò ní pa ẹ̀sùn láàpútọ́ọ̀pù rẹ́. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá. Ètè rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bàtà. Kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó kí ìyá rẹ̀, ó dúró.

"Ṣèyífúnmi," ni Màmá Alice wí, ó sì wá ń sunkún. "Máìkì yẹn, èmi ni mo gbé e pamọ́. Mo gbàgbé ni. Nígbà tí mo rí i, n kò lè sọ ọ́."

"Mo mọ̀," ni ọmọ náà wí.

"O mọ̀?"

"Ta ló ń di àpótí ẹ̀wù akọrin, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin? Wọ́n ní inú àpótí náà ni wọ́n ti rí i, pé èmi ni mo dá a padà. Èmi ṣáà mọ̀ pé n kò dá nǹkan kan padà. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìjẹ́rìí yẹn. Mo rò pé wọ́n máa pè mí wọlé. Mo tiẹ̀ fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Halelúyà ni mo gbọ́. Mo dá ohùn yín mọ̀ nínú gbogbo ohùn, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e sókè jù." Ó nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀. "Mo tún lọ jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bóyá ẹ̀ ń wá àkókò ni."

Ọlọ́pàá tó mú un wá ń wo ilẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" ni Esther bi í.

"Màámi, mo sọ fún yín." Ó yíjú sí Màmá Alice. "Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ti láàpútọ́ọ̀pù lé orí ara yín o, Màmá Tíṣà. Èmi ni mo jí i. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo kàn rò ó pé wọ́n ti jẹ mí níyà rẹ̀ tán, kí n kúkú mú ohun tí mo jìyà fún." Ó tún nu ètè rẹ̀. "Ọmọ tó ni ọ̀kan níbẹ̀ ń sunkún lánàá. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá Alice dìde lẹ́yìn ìkéde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìjọ. Ó ti retí pé wọn yóò bú òun, ó tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú òun. Ṣùgbọ́n bàbá ìjọ dìde, ó ní iṣẹ́ èṣù ni, kí Ọlọ́run fún Màmá ní okun, wọ́n sì dárin. Lẹ́yìn ìsìn, ó gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ pé àánú ló ń ṣe Màmá, pé ó fẹ́ fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ gba olè sílẹ̀. Láyí dúró tì í níta.

"Ká tiẹ̀ gbà pé kò jí máìkì, Màmá," ni ó wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ṣé kì í ṣe olè ni? Tí kì í bá ṣe olè, ṣé yóò lọ jí láàpútọ́ọ̀pù?"

Màmá Alice wá èsì, èsì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i lójú Láyí pé ọ̀rọ̀ náà ti yí po bí okùn, ó ti gbá ara rẹ̀ mú, kò sì sí ibi tí èèyàn lè ti fà á tú. Òun ló sì kọ́kọ́ lọ́ ọ.

Ó jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Adájọ́ gbọ́ ọ, ó sì rán Ṣèyí lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Adó. Ní gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò ni Màmá Alice ń lọ, Esther náà ń lọ. Tí Esther bá ti rí i nínú takisí kan ní Ìkọ̀lé, yóò dúró de òmíràn. Ó ń kí i tí wọ́n bá pàdé: "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ibẹ̀ ló mọ. Màmá Alice kì í tọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ̀wọ̀n náà pé oṣù mẹ́rin, ó lọ bá Ayọ̀kúnlé ní Ìfàkì. Ọ̀gá wẹ́dà náà pa iná ẹ̀rọ rẹ̀, ó bọ́ awò ojú, ó gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Màmá, a rí ẹ̀rọ yẹn," ni ó wí. "Kò tíì pé oṣù kan tí Ṣèyí lọ tí a rí i. Oníbàárà kan ló kó o mọ́ ẹrù rẹ̀. Mo ní n ó ránṣẹ́ pè é, lọ́la, lọ́la, títí mo fi gbọ́ pé wọ́n ká adìẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní, à! Ọlọ́run ló yọ mí." Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà kò dọ̀tí. "Tó bá jáde, ẹ ní kó máa bọ̀."

Ṣèyí jáde lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Kò dé Ìpáò. Ìfàkì ló gbà lọ tààrà, Esther sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó ti lo bí oṣù méjì nídìí iṣẹ́ náà, Màmá Alice ń bọ̀ láti Adó, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní Ìfàkì láti wò ó. Ó dúró sí òdìkejì títì, kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò sọdá. Wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ó rí Ṣèyí tó fọ ọwọ́, tó pààrọ̀ aṣọ, tó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Dípò kó máa lọ, ó gbé báàgì náà sórí bẹ́ńṣì níwájú ọ̀gá, ó tú u: aṣọ iṣẹ́, ike omi, búrẹ́dì àjẹkù. Ó tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta, ọ̀tún, òsì. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Ayọ̀kúnlé gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ nǹkan kan tí Màmá Alice kò gbọ́, ó ń mi orí pé rárá, rárá. Ṣèyí fara balẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ padà, ó kí ọ̀gá pé ó dàárọ̀.

Màmá Alice sọdá títì nígbà náà. Báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó jẹ́ kó máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbá a mọ́ra. Ṣèyí rí i, ó dúró.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ni ó wí. Kò dọ̀bálẹ̀, kò sì lọ. Wọ́n jọ dúró létí títì, wọ́n ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé Màmá lọ sí Ìkọ̀lé títí ọkọ̀ náà fi dé.